Bọ́dì Tí Òòlù Nìkan Lè Fọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ àléébù Bámilóyè fún yín kí ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀ jù: kò lè ṣe nǹkan kékeré ní kékeré. Bí ẹ bá ní kó bá yín kan ìṣó mọ́ ògiri, ògiri ni yóò kọ́kọ́ bẹnu àtẹ́ lù pé wọn ò mọ ọ́n dáadáa. Panẹ́ẹ̀lì-bítà ni ní Bariga, ó sì mọṣẹ́, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ló kàn máa ń ṣáájú ọwọ́ rẹ̀ dé ìdí iṣẹ́.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà, ọjà tòkunbọ̀ sì ń wọ̀lú lóríṣiríṣi. Ní Fádèyí ni àwọn ará àdúgbò ti ń ra mọ́tò kékeré tí wọ́n ń fi rímóòtù wà. Eré rẹ̀ dùn, àmọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni bọ́dì rẹ̀. Bó bá fi lè kọlu etí gọ́tà, ó sán nìyẹn. Àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, lọ́jọ́ sanitéṣọ̀n, tí ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá, ni wọ́n máa ń fi í sáré lójú títì, lẹ́yìn tí kálukú bá ti kó gọ́tà ojúlé rẹ̀ tán.

Bámilóyè kì í kó gọ́tà ní tirẹ̀. Gbogbo ọjọ́ sanitéṣọ̀n ni ẹ̀yìn máa ń dùn ún. Aago mẹ́wàá bá ti lù, ara á yá.

Lọ́jọ́ kan ló rí Faridah aránṣọ, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, tó ń fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ àkísà àwọ̀n sí abẹ́ bọ́dì mọ́tò rẹ̀ kó má baà sán. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ló fún un ní àwọ̀n náà. Bámilóyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Àwọ̀n? Ṣé ẹja lo fẹ́ fi mọ́tò kó ni?”

Ó yí sí Alhaji Kàsúmù, onílé wọn, tó jókòó ti rédíò rẹ̀. “Alhaji, ẹ gbọ́ o. Ẹni tí bọ́dì mọ́tò rẹ̀ bá sán lọ́jọ́ sanitéṣọ̀n tó ń bọ̀ yìí, òun nìkan ni yóò máa kó gọ́tà ojúlé yìí títí ọdún á fi parí.”

Faridah ní òun gbà. Alhaji, tí ẹ̀yìn dídùn Bámilóyè ti sú, ti ṣe àmín kí Faridah tó sọ̀rọ̀ tán.

Ni Bámilóyè bá lọ gbé fílà, àtè líle tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò tó bá ti jẹrà. Mólúè ló ń lò ó fún tẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ páànù sí abẹ́ bọ́dì mọ́tò kékeré tirẹ̀, ó rọ́ fílà lé e, ó tún rọ́ òmíràn lé ìyẹn. Bó ṣe ń gbẹ lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ Fúráìdè, ó mú rímóòtù dání kiri àdúgbò, iná pupa rẹ̀ ń tàn, ó ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó bá ṣáà ti dúró gbọ́ ọ. Bó ṣe tàn án sílẹ̀ náà ló tì í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Pín mẹ́rin ló ń di bọ́dì náà mú, kí èèyàn lè rí i ṣí. Bámilóyè ní ojú pín gan-an ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìdájí, ó sá bátìrì mọ́tò síná kó lè lágbára sí i, ó kì í sínú mọ́tò, ó tan mọ́tò náà, ó wá fi fílà dí gbogbo rẹ̀ pa, ojú pín àti etí bọ́dì. Ó wú bí àkàrà.

Ilẹ̀ mọ́. Mọ́tò Faridah sáré, ó forí sọ etí gọ́tà, ó tàkìtì, ó tún ń lọ. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò, kò sán. Ó wá kan Bámilóyè. Ó ní kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn kó má baà ṣe wọ́n léṣe. Wọ́n sún. Ó tẹ rímóòtù.

Mọ́tò ò mira. Ó ní ara rẹ̀ ló ń gbóná. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yìn ń dun òun náà ni?” ni Alhaji béèrè.

Bámilóyè ní bátìrì ni. Ó fẹ́ ṣí i, kò rí ibi ṣí. Ó ti súkúrú-díráfà bọ̀ ọ́, ó tẹ̀. Ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó kán. Aago mẹ́wàá sì ti ń sún mọ́lé. Ló bá wọlé lọ mú òòlù. Ó lù ú, òòlù ta padà, ó sì yíjú sí èrò.

“Ṣé ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́?”

Ó tún lù ú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dún pàá, bọ́dì sì là láti orí dé ìdí. Bámilóyè yọ bátìrì, ó fi ahọ́n kàn án. Ó ta á lẹ́nu gan-an. Iná ṣì kún inú bátìrì.

Faridah rọra sún mọ́ ọn. “Bọ̀dá Bámi, ẹ má bínú o. Iná pupa ọwọ́ yín yẹn ò tàn.”

Ó dá bátìrì mọ́tò padà sáyè rẹ̀, ó yọ bátìrì rédíò Alhaji, ó kì í sínú rímóòtù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò náà fò dìde pẹ̀lú ìlàjì bọ́dì lọ́rùn, ó sáré gba àárín èrò kọjá, ó di inú gọ́tà.

“Bámilóyè,” ni Alhaji wí, “bọ́dì sán àbí kò sán?”

“Òòlù ló fọ́ ọ, Alhaji. Kì í ṣe eré.”

“N kò béèrè ẹni tó fọ́ ọ.”

Àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Bámilóyè tó fọ́, ṣọ́bìrì ló bù sí i.

Bí ẹ bá gba ojúlé náà kọjá lọ́jọ́ sanitéṣọ̀n ọdún yẹn, ẹ óò bá a nínú gọ́tà, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, tó ń sọ fún àwọn tó dúró wò ó pé ní gbogbo Bariga àti Ṣómólú, kò sí bọ́dì tó le tó tòun, òòlù nìkan ló lè fọ́ ọ.

“Òótọ́ ni, Bọ̀dá Bámi,” ni Faridah máa ń dáhùn láti ìdí máṣíìnì rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ sì ni òòlù. Ẹrẹ̀ kù lọ́wọ́ òsì yín o.”