Omi Tí Mo Dà Nù Láṣálẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó: ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi da omi nù láàárín aṣálẹ̀. Àwọn ará ilé wa ní ìlú Idigny ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú mi lọ. Ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ilẹ̀ Nìjẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì máa ń sọ pé òun rí ẹranko funfun kan níbẹ̀ rí, tí ìwo rẹ̀ lọ́ bí okùn. Gbogbo ilé a máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní irọ́ awakọ̀ ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó ní, "Àbúrò, jẹ́ ká lọ wò ó kí ojú yìí tó lọ tán. Bí ìwọ náà bá rí i, wọ́n á gbà mí gbọ́."

Báyìí la ṣe di àlejò ọgbà ẹranko inú aṣálẹ̀. Bàtà ọdún mi tó ń dán ni mo wọ̀ lọ. Kò pẹ́ tí iyanrìn fi gba ẹyọ kan lẹ́sẹ̀ mi, èmi aláfẹ́ wá ń fò kiri bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Musa, amọ̀nà wa tó ń wa ọkọ̀, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rí omi tó ń dán lọ́ọ̀ọ́kán, ó tẹ́ rẹrẹ bí odò. Mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Inú àgọ́ la sùn. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, mo rí bìdọ́ọ̀ omi wa méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìyá wa kì í jẹ́ ká bu omi tó sùn mọ́jú fún àgbà mu. A ó dà á nù, a ó fọ ìkòkò, a ó pọn òmíràn. Èmi ọmọ tó gbẹ̀kọ́, mo da omi méjèèjì nù, mo fi iyanrìn fọ inú bìdọ́ọ̀, mo gbé wọn, ó di ọ̀nà odò tí mo rí lánàá.

Mo rìn títí, odò ò sí. Iyanrìn gbígbẹ ló wà níbi tó ti ń dán. Oòrùn ló ti tàn mí jẹ.

Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ mi.

"Omi dà?"

"Mo ti dà á nù, ẹ̀gbọ́n. Ó ti sùn mọ́jú."

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún Musa lédè Hausa. Musa jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní ìwọ̀nba omi inú ìgò tó kù lè gbé wa padà sí abúlé, kò lè gbé wa síwájú. Ó wá nawọ́ sílẹ̀: ipasẹ̀ ẹranko náà rèé, tuntun, ó gba ẹ̀yìn àgọ́ wa kọjá, ó forí lé òkè iyanrìn iwájú. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ipasẹ̀ náà. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ọkàn mi ì bá fúyẹ́.

Nínú ọkọ̀, mo fẹ́ tù ú nínú bí a ti ń ṣe nílé tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ó ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ṣé agbè la máa mu?"

A délé, wọ́n bi mí bóyá mo rí i. Mo ní ipasẹ̀ rẹ̀ ni mo rí. Wọ́n ní irọ́ awakọ̀ ti ran ẹlẹ́rìí. Ní báyìí, ohùn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń mọ̀ mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká padà lọ, ó ní kí ni òun ó fi wò ó. Ó dùn mí dé egungun. Mo ti gbà pé ìṣe ilé wa lè jẹ́ èèwọ̀ ibòmíràn, àlejò tí ò bá sì mọ ilẹ̀, kó béèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé omi fún un. Ó gbà á, ó gbé e símú.

"Àbúrò, ti àná ni àbí ti òní?"

"Ti àná ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó gbé e mu tán. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, títí omijé fi bọ́ lójú mi.