Ibi Tí Erùpẹ̀ Yóò Sùn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Ìdí-Àyìn fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kòtò, kó kọ́kọ́ wá ibi tí erùpẹ̀ yóò sùn"? Ẹ má rò pé àgbẹ̀ ló dá a sílẹ̀ o. Ojú ẹni tó dá a sílẹ̀ rí nǹkan. Ẹ sún mọ́ mi.

Ògúnmọ́dẹdé lorúkọ ọkùnrin náà, Mọ́dẹdé ni wọ́n ń pè é. Ó ti bá wọn wa wúrà lókè òkun rí, nígbà tó sì padà wálé, ó ní wúrà wà lábẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn abúlé. Òun àti Láwọyin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, kó ọkùnrin mẹ́wàá jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ihò náà wọ abẹ́ òkè lọ bí ọ̀nà ọ̀fun. Wúrà tí wọ́n ń rí kò ju èékánná lọ, àmọ́ òkúta tí wọ́n ń yọ kí wọ́n tó rí i, agbọ̀n lórí agbọ̀n ni.

Ẹnu ihò ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà á sí. Nígbà tó di pé wọ́n ń gun òkúta kí wọ́n tó lè sọ̀ kalẹ̀ síbi iṣẹ́, wọ́n dà á sójú ọ̀nà oko. Àwọn àgbẹ̀ pariwo, wọ́n bá ń dà á sétí odò. Baálẹ̀ rí i pé òkúta náà ń dán yinrin-yinrin, ó ní kí wọ́n kó ogún agbọ̀n wá fi tẹ́ àgbàlá òun.

"Baálẹ̀ wo ló tún ń rìn lórí ohun tó ń dán lágbègbè yìí?" ló ń wí.

Òjò wá dé.

Omi tó bá ṣàn gba ara òkúta yẹn kọjá, kíkan ló ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Kò pẹ́ tí odò fi pọ́n bí epo. Ẹja léfòó, wọ́n kọ ikùn sókè. Ewúrẹ́ rí omi, wọ́n sá. Ọṣẹ kò hó mọ́. Ẹsẹ̀ Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ó wá di pé pípọ̀n ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n kọjá nínú àgbàlá ara rẹ̀.

Aláró ni Ojúọlápé, ìyá ìyàwó Mọ́dẹdé. Ó gbé aṣọ kan wá bá a lẹ́nu ihò. Mọ́dẹdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, àna mi. Inú aró ni mo ti yọ aṣọ yìí. Kí lo rí?"

Aṣọ náà pọ́n bí irin tó dípẹtà.

"Màmá, ó… ó pọ́n díẹ̀."

"Ó pọ́n díẹ̀! Odò tí ìyá mi fi rẹ aró, tí ìyá tiẹ̀ náà fi rẹ aró, lo fi òkúta pa yìí. Kó o kúrò níbẹ̀."

Mọ́dẹdé kò lè kọ̀ sí i lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n kó ti etí odò padà, kí wọ́n tò ó lé èyí tó wà lẹ́nu ihò. Láwọyin wo òkìtì náà títí.

"Mọ́dẹdé, fìlà tí o dé fún ihò yìí ti tóbi ju orí rẹ̀ lọ."

Mọ́dẹdé rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀. Àwọn yòókù ń jẹun nínú àtíbàbà, Mọ́dẹdé àti Láwọyin nìkan ló wà nísàlẹ̀. Òkìtì yọ̀, ó ya lulẹ̀, ó dí ẹnu ihò pa. Òkúta ńlá kan jábọ́ lé Láwọyin láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Mọ́dẹdé tì í, tì í, kò mì. Ó táràrà nínú òkùnkùn, ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n gbọ́ ohùn àwọn ará abúlé níta, ọkàn wọn fẹ́ balẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́ nìyí:

"Ẹ má dà á síbẹ̀, oko iṣu mi nìyẹn!" Ohùn àgbẹ̀ kan nìyẹn.

"Ẹ má dà á sódò mọ́ o!" Ojúọlápé ni.

"Ẹni tó bá da ẹyọ kan sí àgbàlá mi, á kúrò nílùú yìí!" Baálẹ̀ nìyẹn, láti ẹ̀yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n.

Láwọyin rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dà bí ikọ́. "Ọ̀rẹ́ mi, wọn ò rí ibi dà á sí."

"Wọ́n á rí i. Ṣáà má sùn." Mọ́dẹdé fi gbogbo agbára kígbe: "Ẹ dà á sínú ilé mi! Ẹ dà á sórí ibùsùn mi!"

Wọ́n gbọ́. Wọ́n kó o kún yàrá rẹ̀ dé àjà. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ máa fi yọ wọlé, ọwọ́ Láwọyin ti tutù nínú ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín, àwọn ọkùnrin gbé ọkọ́ sókè. Mọ́dẹdé bọ́ sáàárín wọn.

"Ẹ dúró! Erùpẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ibo ni yóò sùn?"

Baálẹ̀ ní, "Mọ́dẹdé, ibojì ni. Inú rẹ̀ náà la ó dà á padà sí."

"Mo gbọ́, Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n Láwọyin náà ń lọ síbẹ̀. Ṣé ó máa gba àwọn méjèèjì?"

Ẹ̀rín gbọ̀n àwọn kan, wọ́n fi eyín di ètè mú. Ojúọlápé ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Àmọ́ kò sẹ́ni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ títí wọ́n fi rí ibi tí erùpẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù yóò wà.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ wa ilẹ̀ ní Ìdí-Àyìn, á kọ́kọ́ rẹ òkúta ibẹ̀ sínú igbá omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èyí tó bá sọ omi di kíkan, inú ihò ni yóò padà sí, wọ́n á sì fi amọ̀ dí i mọ́bẹ̀. Bí ẹ bá sì débẹ̀ lónìí, tí ẹ kàn fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ìka mẹ́rin láti fi gbin ata, ẹnìkan á yọrí lójú fèrèsé, á ní: "Ẹ rọra o! Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kòtò, kó kọ́kọ́ wá ibi tí erùpẹ̀ yóò sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ibùsùn rẹ̀ ni yóò sùn."