Dókítà Ọkàn Tó Jókòó Sínú Báàfù

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tójú mi ti rí láyé, ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo ṣubú yakata ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Mafolúkù, tí ẹni tí mo ní mò ń tọ́jú sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wò mí.

Àbúrò ọkọ mi ni. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ilé ọkọ ni mo sì bá a, nítorí náà n kì í pe orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo wọlé tí mo fi sọ ọ́ ní Abìrìn-ẹ̀yẹ, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń fún ọmọ ilé lórúkọ. Pápákọ̀ òfurufú ló ti ń bá àwọn èrò gbé ẹrù, ṣùgbọ́n bó bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ ó rò pé òun ló ni bàálù. Màá fi ìrìn rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, òun náà á fi ọbẹ̀ mi ṣẹ̀fẹ̀. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbá a ní Àpákun. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n fi irin sí i, wọ́n sì dá a padà fún wa pẹ̀lú ọ̀pá méjì tí yóò máa fi sábẹ́ abíyá rìn.

Kò rìn. Ògiri ló kọjú sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Oúnjẹ ò wù ú, ọ̀rọ̀ ò wù ú. Ẹ̀rù bà mí gidi, torí mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí a padà lọ sílé ìwòsàn ní Ìsọlọ̀, nọ́ọ̀sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mọ́mì, ẹsẹ̀ yẹn máa san tó bá ń lò ó. Ọkàn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá wa tọ́jú. Tóun fúnra ẹ̀ ò bá fẹ́ rìn, irin ò lè bá a rìn."

Nọ́ọ̀sì ò mọ ẹni tó ń gbéṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ká tó délé, mo ti fi ara mi joyè dókítà ọkàn.

Òfin àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé kẹ́nikẹ́ni má ṣe bá a ṣeré mọ́. Orúkọ Abìrìn-ẹ̀yẹ ńkọ́? Mo fòfin dè é. Ta ní ń pe ẹni tí kò lè rìn bẹ́ẹ̀? Mo wá ń pè é ní "bọ̀dá mi", pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kí ọlọ́fọ̀. Ó wò mí títí, ó yíjú sí ògiri. Mo ní oògùn mi ti ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí yóò wá dá a lára yá. Ìyá Sikírá, ará Ìsẹ́yìn tó ń gbé yàrá kejì sí wa, ló kọ́kọ́ wá. Mo ti kìlọ̀ fún un níta pé kò gbọdọ̀ sunkún, kò sì sunkún lóòótọ́. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣọpẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi kan ńlé, báyìí náà ni tiẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀."

Mo sáré bi í bóyá yóò mu omi. Ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun, ó sì sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n náà títí dé ìdí sàréè.

Lọ́jọ́ kejì, mo wá fíìmù ẹlẹ́rìn-ín kan sórí fóònù mi, mo gbé e síwájú rẹ̀. Bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọkọ̀ gbá bàbá kan lójú títì. Mo já fóònù gbà, ìgbọ̀nwọ́ mi sì da ògì sórí ibùsùn. Orí bá mi ṣe é, ògì náà ti tutù.

Mo ká aṣọ ibùsùn, mo rẹ ẹ́ sínú báàfù tó kún fún omi ọṣẹ. Abìrìn-ẹ̀yẹ na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe wàhálà fún? Mo gba ọ̀pá méjèèjì, mo há wọn sábíyá, mo gbé báàfù, mo kọrí síta. Omi ọṣẹ ń dà sílẹ̀ níwájú mi, èmi náà ni mo sì lọ tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi kan gba Òṣòdì, èkejì gba Ìsọlọ̀. Nígbà tí mo máa lajú, inú báàfù ni mo jókòó sí, ọ̀pá ti yọ̀ lọ dé ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ilé jáde. Ìyá Sikírá ti ń lanu, bóyá ó tún ní ẹ̀gbọ́n mìíràn.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Ìyàwó, nínú èmi àti ìwọ, ta wá ni Abìrìn-ẹ̀yẹ báyìí?"

Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú bí mi.

"Ẹ̀yin náà ni, Abìrìn-ẹ̀yẹ. Ẹ má kàn máa fi mí rẹ́rìn-ín níbẹ̀."

Kíá ni mo fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, omi sì dé ibẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó o ti pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó o ṣíwọ́, mo ní dókítà ti sọ fún un yín pé mi ò ní rìn mọ́, pé ẹ kàn ń fi pa mọ́ fún mi ni."

Mo bú sẹ́kún nínú báàfù. "Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Nọ́ọ̀sì ní tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ó máa san."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Gbé ọ̀pá mi wá."

"Mi ò lè dìde."

Ló bá gbára lé ògiri, ògiri kan náà tó ti ń kọjú sí láti ọjọ́ yìí, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé ìdí ọ̀pá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mi nìyẹn: ẹ ṣàánú ẹni tó fara pa, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di àlejò nínú ilé rẹ̀. Àánú tèmi ló fẹ́ pa á.

Nígbà tí a tún lọ sí Ìsọlọ̀, Abìrìn-ẹ̀yẹ ń fi ọ̀pá rìn níwájú, èmi ń tiro bọ̀ lẹ́yìn, mo fọwọ́ di ìbàdí mú. Nọ́ọ̀sì wo òun, ó wo èmi, ó ní ta ni aláìsàn nínú wa.

"Ìyàwó wa ni," Abìrìn-ẹ̀yẹ dáhùn. "Èmi ni mo mú un wá."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rọra rín in, torí ìdí ṣì ń dùn mí.