Adákúdúró àti Òògùn Àìkú Rẹ̀

Tí o bá kí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ní "Ẹ káàárọ̀, sà" lásán, kò ní dá ọ lóhùn. Adákúdúró ni kí o pè é, Ọkọ Sẹ́ẹ̀lì! Òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ, ó sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí.

Ó po òògùn kan. Ó ní sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kínkín tó para pọ̀ di ara wa, tó bá ti kan òògùn náà, kò sí ìyà tó lè pa á.

"Baálé mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò dáadáa," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì lòun náà.

"Ìlara ló ń bá ọ jà!"

Ó bá pe gbogbo ìlú jọ sí gbọ̀ngán ńlá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa òògùn sójú alága ìlú. Àwọn tó kù náà ń para, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ o! Tí ooru bá fìyà jẹ sẹ́ẹ̀lì níwọ̀nba, á tún ara rẹ̀ ṣe. Tí ìyà bá pọ̀ jù, á pa ara rẹ̀. Á súnkì, á já sí wẹ́wẹ́, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á sì kó o jẹ. Ṣùgbọ́n tèmi? Láéláé!"

Ó gbé àwo sẹ́ẹ̀lì méjì síbi ooru díẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá gbé àwòrán èyí àkọ́kọ́ sójú ògiri. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sanra, ara wọn ń dán.

Alága pàtẹ́wọ́. "Òògùn yìí mà jẹ́ o!"

"Ẹ... ẹ rọra, sà. Èyí la ò fi nǹkan kan sí," ni Adákúdúró wí.

Ó gbé èkejì, èyí tó fi òògùn rin gbingbin. Gbogbo wọn ń súnkì, wọ́n ń já sí wẹ́wẹ́.

"Ijó ni wọ́n ń jó," ni Adákúdúró wí. Òógùn ti bò ó.

"Wọ́n ń kú ni," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ooru yẹn ò tó nǹkan. Òògùn yín gan-an ni ìyà tó pọ̀ jù fún wọn."

Alága fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ṣé ohun tí ẹ fi pa mí lójú nìyẹn?"

Ni gbọ̀ngán bá dà rú! Gbogbo ènìyàn sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ṣíwájú wọn débẹ̀. Ó gbé orí sábẹ́ omi, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti alága sẹ́yìn.

"Ẹ gbà mí láyè, ẹ jọ̀ọ́!" ni Adákúdúró ń ké, ọṣẹ kún ẹnu rẹ̀. "Láti oṣù tó kọjá lèmi ti ń para!"