Ta Ló Jẹ Adìẹ Abiyamọ?

Ẹjọ́ adìẹ kan wọ ààfin lánàá, ìyẹn pálọ̀ Kábíyèsí àwọn Yorùbá ní Fourways, nílẹ̀ òkèèrè. Wọn ò tíì pe Ọlálérè tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí ló fẹ́ ṣe? Ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Àyọ̀ká, tó ti Iléṣà wá tọ́jú abiyamọ, ti di ẹrù. Ó ní òun ń mú Rìnsọ́lá ọmọ òun àti ìkókó lọ sílé.

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí," Màmá bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ mi bímọ, ó yẹ kó máa mu omi adìẹ gbígbóná, aláta, kí ọmú lè lómi. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ se adìẹ. Ó kó o sínú máíkíròwéfù, kò bu omi sí i! Èyí tó jáde lára adìẹ fúnra rẹ̀, ó tẹ́ tíṣù sábẹ́, tíṣù fà á gbẹ, ó jù ú nù. Ẹ gbà mí o!"

"Àbí adìẹ náà tọ̀ sára ni?" Ọ̀tún béèrè.

"Ọlálérè, ṣé òótọ́ ni?" Kábíyèsí béèrè.

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí, ṣùgbọ́n adìẹ ìlú yìí ti mumi yó kí wọ́n tó tà á! Bí mo bá tún bu omi sí i, àfi kó máa lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n sì fẹ́ẹ́ múná lọ. Máíkíròwéfù ló yá."

Wọ́n pe Wàídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kábíyèsí, adìẹ yẹn gbẹ bí igi ìdáná. Eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ká!"

Ọlálérè yíjú sí i. "Wàídì! Ìwọ tó ń lá ìka!"

"Eish, jẹ́ n parí. Itan ló gbẹ. Àyà rọ̀, ọ̀rá ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi."

"Apá ńkọ́?" Kábíyèsí béèrè jẹ́jẹ́.

"Ó dùn, Kábíyèsí."

"Ọrùn?"

"Mo jẹ ẹ́ lọ́nà ilé."

"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run!" Ọ̀tún kígbe.

"Kí wá ni abiyamọ jẹ?" Kábíyèsí tún béèrè.

"Búrẹ́dì," ni Rìnsọ́lá dáhùn, ọmọ ń mu ọmú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú ti Ọlálérè débi pé kò lè gbórí sókè.

Kábíyèsí húkọ́. "Wàídì, gbogbo Sátidé ni wàá máa gbé adìẹ alááyè lọ sílé wọn. Ìwọ ni wàá pa á, ìwọ ni wàá tu ìyẹ́ rẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Màmá, a kì í torí omi ẹran mú ìyàwó oníyàwó lọ."

Inú Ọlálérè dùn, ó fẹ́ẹ́ dìde.

"Dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀! Mi ò tíì parí. Bí ọmọ Màmá ò bá lọ, Màmá náà ò lọ. Wọ́n á wà lọ́dọ̀ rẹ títí ọmọ á fi rìn, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ìkòkò tí wàá máa fi se omi adìẹ."

"Ha! Kábíyèsí, yàrá kan ṣoṣo la ní!"

"Ó gba Màmá, ó gba ìyàwó, ó gba ọmọ. Ìwọ, tẹ́ ẹní sílé ìdáná."

Màmá kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, Kábíyèsí. Ó kúkú máa ń hanrun."