Ọmọlanke Tó Ju Ilẹ̀kùn Lọ

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ku díẹ̀. Nínú yàrá iṣẹ́ irin ilé ẹ̀kọ́ girama kan, olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ dúró síwájú ọmọlanke tuntun, ó káwọ́ lérí bí ẹni tí ọjà rẹ̀ dà sódò. Mílímítà ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ohun tí kì í fi rúlà wọ̀n, títí kan búrẹ́dì tó bá fẹ́ jẹ. Odidi sáà kan ni kíláàsì rẹ̀ fi ṣe ọmọlanke náà, tí wọ́n máa fi kó àga lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó ga dé àyà ènìyàn, ó ní apá irin méjì tí wọ́n ń fi àga kọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Aago méjìlá ni olùyẹ̀wò ń bọ̀ wá fún un ní máàkì, ìta gbangba ni ó sì ti fẹ́ rí i bó ṣe ń yí. Ohun tí olùkọ́ ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ọmọlanke náà ò gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan yọ orí wọlé, ó gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó gbé báàgì há abíyá. Aránṣọ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ya àwòrán tí wọ́n fi ṣe ọmọlanke yìí.

"Ẹ dúró níbẹ̀, mà!" olùkọ́ ké sí i. "Ẹnikẹ́ni kì í wọ ibí láìbo etí."

"Kí ló dé? Ṣé ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n gbọ́ lẹ fẹ́ sọ ni?"

"Ẹ̀rọ máa ń pariwo. Òfin ni."

Obìnrin náà wo ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú yàrá. Gbogbo wọn dákẹ́ lọ gbári.

"Èwo ló ń pariwo nínú wọn?"

"Kò sí. Àmọ́ òfin kì í sinmi."

Ó na ìbotí kan sí i, ohun ribiti méjì tó tóbi bí àwo ọbẹ̀. Obìnrin náà gbé e wọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìlàjì ọ̀rọ̀ ló ń wọlé sí i létí, ìlàjì yòókù ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ló gbé mi wá."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ọmọ yín! Ọmọ yín mọ irin gan-an ni."

"Ó mọ kí ni?"

"Irin!"

"Ìrìn? Ọmọ oṣù mẹ́wàá ló ti mọ ìrìn. Ṣé ohun tí ẹ ti ń kọ́ ọ láti èṣí nìyẹn?"

"Irin ni mo wí, mà. Èyí tí a máa ń gé, tí a máa ń jó pọ̀."

"Ẹ tún máa ń jó?"

"Ojoojúmọ́."

"Ẹ ń rìn, ẹ ń jó. Ìgbà wo lẹ wá ń kàwé?"

Olùkọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ gba ibòmíì lọ. Ó nàka sí ọmọlanke.

"Ẹ wò ó, mà. Ọmọ yín ló yà á."

"Ó ya á?" Obìnrin náà ṣí báàgì. "Ẹ má bínú sí i. Mo mú abẹ́rẹ́ dání."

"Kò ya, mà! Àwòrán rẹ̀ ló yà. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́! Ẹ wo igun rẹ̀! Igun mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ló gún régé."

Obìnrin náà fò sẹ́yìn, ó gbójú sókè wo àjà.

"Igún mẹ́rin? Nínú ilé ẹ̀kọ́? Kí ló kú síbí?"

"Kò sóhun tó kú, mà." Olùkọ́ wo ọmọlanke, ó wo ilẹ̀kùn. "Kò tíì kú."

Obìnrin náà ò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án kó lè tẹ́ dáadáa, bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ kó tó gé e. Olùkọ́ kà á. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ fẹ́ kí ọmọ kúrò ní kíláàsì iṣẹ́ ẹ̀rọ, kó lọ sí ti iṣẹ́ akọ̀wé?"

"Hẹ̀n?"

"Mo ní ṣé ẹ fẹ́ yọ ọ́ ni!"

"Ẹ fẹ́ yọ kí ni?"

"ỌMỌ YÍN!"

Obìnrin náà bọ́ ìbotí, ó rọra gbé e sórí tábìlì.

"Olùkọ́, mo ti bọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ tó sùn yìí bá fọ́ mi létí, ẹ̀jẹ̀ mi ò sí lọ́rùn yín. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ yọ ọ́. Ọmọ mi ò jẹun lánàá. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí, kí n wá bá òun gba ara òun kúrò. Ọmọ tó jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wà tó fi tú ẹ̀rọ ìránṣọ mi palẹ̀, tó tún un tò padà! Ìṣó kan ṣẹ́ kù sílẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun ló wá ní òun ò mọ nǹkan kan. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mà." Olùkọ́ ń wo bàtà ara rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí a fẹ́ jó apá ọmọlanke mọ́ ọn, ó nawọ́ sókè. Mo ní kó gbé ọwọ́ náà sílẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Kí ló fẹ́ sọ?"

"Ọwọ́ ló nà, mà. Kò tíì sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà na bírò sí i.

"Ó dáa. Ẹ buwọ́ lù ú, kí n máa lọ. Mo fi aṣọ ìyàwó sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ."

"Mi ò lè buwọ́ lù ú lónìí."

"Ṣé bírò ò dáa ni?"

"Bírò dáa." Olùkọ́ yíjú sí ilẹ̀kùn. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà síta rí, ó sì ń dùn ún láti inú wá. "Ọmọlanke yìí ò gba ẹnu ilẹ̀kùn, mà. Aago méjìlá ni olùyẹ̀wò ń bọ̀. Bí ọmọ tó ya àwòrán rẹ̀ ò bá sí ńbẹ̀, èmi nìkan ló máa bi léèrè."

Obìnrin náà yí ọmọlanke ká lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ilẹ̀kùn.

"Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

"Ẹgbẹ̀rún mílímítà."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ẹgbẹ̀rin."

"Wọ́n ò kúkú jìnnà síra."

"Lẹ́nu nìyẹn, mà. Lójú rúlà, igba ló wà láàárín wọn."

"Ẹ ò wọn ilẹ̀kùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?"

"Ilẹ̀kùn ò sí nínú àwòrán."

"Olùkọ́, bí mo bá fẹ́ rán aṣọ tí ò ní bọ́tìnì, orí ni mo kọ́kọ́ máa ń wọ̀n, torí ibẹ̀ laṣọ ń gbà kọjá. Orí oníbàárà ò sì sí nínú àwòrán rí. Ẹ gbé àwòrán ọ̀hún wá."

Olùkọ́ tú ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sílẹ̀. Ó ń fọwọ́ ṣàlàyé bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì: "Ẹ dákun, mà, kì í ṣe ohun tí ojú lásán lè kà. Èdè ni. Ìlà tó nípọn, etí irin nìyẹn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀n nìyẹn. Ìlà gígé-gígé, ohun tó fara pamọ́ sẹ́yìn ló ń tọ́ka sí, tí ojú ò lè rí."

"Èwo ni gígé-gígé?"

"Méjì yìí, níbi tí apá ti pàdé ara."

"Kí ló wá fara pamọ́ sẹ́yìn wọn?"

Olùkọ́ wo ìwé. Ó wo ọmọlanke, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn apá ọ̀tún, ó wo ẹ̀yìn apá òsì. Ó dìde.

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ ò béèrè lọ́wọ́ ọmọ?"

"Mo rò pé ó ṣì í yà ni. Mo gba máàkì méjì lọ́wọ́ rẹ̀."

Obìnrin náà fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò yí padà.

"Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ibi tí aṣọ ti ń ká ni a máa ń fa ìlà gígé-gígé sí. Láti kékeré ló ti ń bá mi fà á. Apá yìí ò yẹ kó dúró gbọn-in, olùkọ́. Ó yẹ kó ká ni. Bó bá ká tán, á gba ẹnu ilẹ̀kùn. Bó bá jáde tán, á ṣí."

Olùkọ́ fa àpótí kan, ó jókòó lé e. Ó ń rí ọwọ́ tó ń nà sókè lẹ́yìn kíláàsì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mo jó o pa," ó ní.

"Ẹ sì lè gé e. Aago mélòó?"

"Mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Aṣọ ìyàwó ti ń dúró dè mí lórí ẹ̀rọ. Ẹ dìde."

Olùkọ́ gbé ẹ̀rọ ìgérin. Obìnrin náà gbé ìbotí wọ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan rán an létí, ó mú ẹfun, ó fa ìlà sára irin.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n," olùkọ́ ní, ó gbé rúlà lé e. "Háà. Ẹ ti fi mílímítà méjì yẹ̀."

"Ẹ tún un wọ̀n."

Ó tún un wọ̀n.

"Rúlà ni mo gbé wọ́."

Wọ́n gé apá méjèèjì kúrò. Olùkọ́ tú ínjìsì mẹ́rin, irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí, lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó irinṣẹ́ sí, ó lu ihò, ó fi bóòtù dì wọ́n mọ́ irin, ó so irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ń fì lásán nídìí táyà mọ́ apá bí àwòrán ṣe wí, obìnrin náà ń bá a di nọ́ọ̀tì lábẹ́. Apá ọ̀tún ká wẹ́rẹ́. Apá òsì ń mì.

"Ó ń fẹ́ ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀," olùkọ́ ní.

Obìnrin náà wo tábìlì. Ó mú lẹ́tà rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ó kì í sábẹ́ ínjìsì.

"Ẹ dì í."

"Lẹ́tà yẹn ńkọ́, mà?"

"Ó ti ríṣẹ́."

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ká apá méjèèjì mọ́ra, obìnrin náà fi téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà ṣí lójú ọ̀nà. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́yìn, wọ́n tì í. Ọmọlanke wọ ẹnu ilẹ̀kùn bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Kò ha. Kò họ ògiri. Ó bọ́ síta.

"Ó jáde!" Olùkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. "Mà, ó jáde!"

Téèpù já. Apá méjèèjì ṣí gbàgà, ọ̀kan lọ́tùn-ún ilẹ̀kùn, ọ̀kan lósì, ọmọlanke sì dí ẹnu ọ̀nà pa mọ́ wọn. Ohun kan dún *kọ́* lábẹ́ táyà. Olùkọ́ tì í, kò mì. Ó fi èjìká tì í. Ó padà lọ wo àwòrán.

"Kí ló wí?" obìnrin náà béèrè.

"Ó ní bí apá bá ti ṣí, kí táyà dì, kí àga má baà yí dànù."

"Ọmọ ló ní ọpọlọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń tú u?"

"Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ irin kan níwájú."

"Iwájú wo?"

"Iwájú tó wà níta."

Wọ́n wo ara wọn.

"Ṣé a ò lè gba fèrèsé?"

"Irin wà lójú rẹ̀, mà."

"Ta ló jó o mọ́ ọn?"

"Kíláàsì mi ni." Ó gbìyànjú láti má fi yangàn. "Iṣẹ́ wa kì í yẹ̀."

Obìnrin náà lọ sídìí fèrèsé, ó gun àpótí, ó yọjú láàárín irin. Olùkọ́ kúrú, kò lè rí ìta.

"Kí lẹ rí?"

"Ọmọ mi ń bọ̀. Ọkùnrin kan ń tẹ̀ lé e, ó wọ táì, ó gbé pákó tí wọ́n há ìwé mọ́ dání."

"Olùyẹ̀wò nìyẹn! Kí ló ń ṣe?"

"Ó dúró. Ó ń wo ọmọlanke. Ọmọ mi ń ṣàlàyé. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan, apá ti ká. Ó jẹ́ kí ó ṣí. Ọkùnrin náà ní kó tún un ṣe."

"Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Èwo nínú wọn?"

"Olùyẹ̀wò!"

"Rárá. Òun ń kọ̀wé. Ọmọ mi ló ń rẹ́rìn-ín."

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku irin ló kó sí òun lójú.

"Ṣé ohun tó ń kọ gùn, mà?"

"Ó ti yí ìwé sí ojú kejì."

Olùkọ́ fi ọwọ́ gba ẹfun kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó tún kọ́là ṣe.

"Olùyẹ̀wò ń bi mí ní nǹkan kan láti ìsàlẹ̀," obìnrin náà ní. "Ó ní ta ló kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́ tó báyìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dá a lóhùn. Ẹ sọ fún un pé ó wà nínú yàrá yìí."

"Mo ti sọ fún un."

"Ẹ ṣé o. Kí lẹ sọ gan-an?"

"Mo ní èmi ni."