Alùpùpù Tó Ń Fèsì Bí A Bá Ní Kó Dúró

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ti mu epo títí ó fi ń dán bí awọ bàtà. Akọ̀wé, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ìjọba kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀, ti alùpùpù rẹ̀ wọlé. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lábíyá rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì.”

“Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Kí ló ṣe é?”

“Àìsàn rẹ̀ kò le. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ìtọ́jú nìkan ló kù, ìyẹn ni mo fi sílẹ̀ fún ẹ.”

“Ẹ ṣeun. Kí lẹ wá rí?”

“Bí mo bá ti fún bíréèkì iwájú, iwájú rẹ̀ á dún: kó! Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀, ní ìkóríta ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi. Ó gbọ́ ọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na aṣọ rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀.”

“Látìgbà náà ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ ló ń rìn! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń jókòó sẹ́yìn mi, àbúrò. Nísinsìnyí, èmi á wà lórí alùpùpù, òun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gbogbo àdúgbò á sì máa kí mi bí ẹni tó ṣòfò. Aago mẹ́rin ló ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí nǹkan yìí bá tún dún létí òun lónìí, mọ́tò aládùúgbò wa lòun á máa bá lọ títí ọdún á fi parí.”

Mẹkáníìkì wo aago ara ògiri. Aago méjì ti kọjá díẹ̀.

“Ṣé ‘kó’ ló ń dún, àbí ‘gbọ̀’?”

Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀. “Ọjọ́ Ajé, ‘kó’, ìgbà mẹ́rin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ‘kó’, ìgbà mọ́kànlá. ‘Gbọ̀’, ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n inú kòtò nìyẹn, mi ò kà á. Ọjọ́rú, láàárín aago mẹ́jọ sí...”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé ó fà á?”

“Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyàwó mi ni.”

“Màmá ló ń dún?”

“Ìjókòó rẹ̀! Bí mo bá ti fẹ́ dúró, ó máa ń fa èémí sínú. Ẹni tó bá sì fa èémí sínú á wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.”

“Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta rèé tí wọn ò ti gùn ún. Ṣé ó ṣì ń dún?”

“Ó ṣì ń dún.”

“Ẹ jẹ́ ká yọ màmá kúrò nínú ẹ̀.”

Akọ̀wé fa ìlà gígùn kan sínú ìwé rẹ̀. “Mo ti yọ ọ́. Ìkejì: afẹ́fẹ́ inú táyà ti gbó.”

“Afẹ́fẹ́ ti gbó?”

“Ó pé oṣù mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀. Èwo ni kì í gbó?”

Mẹkáníìkì gun alùpùpù náà láì ṣáná sí i, ó fún bíréèkì iwájú, ó sì tì í síwá, ó fà á sẹ́yìn.

Kó.

“Òun nìyẹn!” Akọ̀wé fò sókè. “Bíréèkì ni! Òun ni ìkẹta nínú ìwé mi!”

“Bíréèkì ti di táyà mú ṣinṣin, ẹ ò rí i pé kò yí? Ohun tó wà lókè ẹ̀ ló ń rìn. Ẹ gbé ìka yín síbí, níbi tí ọrùn ti wọnú ara. Mo fẹ́ tún tì í. Kí lẹ gbọ́?”

“Ó ń mì.”

“Kò yẹ kí ọrùn máa mì.”

“Ọrùn tèmi náà ń mì, mi ò sì dún ‘kó’.”

Mẹkáníìkì gbé iwájú alùpùpù náà ka orí àpótí igi, táyà sì kúrò nílẹ̀. Ó di irin méjèèjì tó gbé táyà dúró mú nísàlẹ̀, ó fà wọ́n sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kó. Ó yí ọwọ́ alùpùpù náà sápá òsì; ó dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń rún yanrìn lẹ́nu.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló tú ọrùn yìí?”

“Tú kẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò tú u.”

“Àpá òòlù wà lára nọ́ọ̀tì ẹ̀.”

“Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn.”

“Àpá òòlù tuntun ni o.”

Akọ̀wé tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. “Ó dáa. Mo ṣí i wò. Ṣíṣí kì í ṣe títú.”

“Ìgbà wo lẹ ṣí i?”

“Ọjọ́ Àìkú.”

“Ọjọ́ Ajé ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.”

“Ṣé o rí i? Ariwo náà ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́! Bí mi ò bá ṣí i, ibo ni ì bá gbà jáde?”

Mẹkáníìkì fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. “Nígbà tí ẹ ṣí i, ṣé ẹ kàn wò ó lásán ni?”

“Mo fi gírísì sí i. Àbí o rò pé ọwọ́ mi ò mọ iṣẹ́ ni? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo tú fáànù ilé wa palẹ̀, èmi náà ni mo tò ó padà. Bí mo ti ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, ó fúyẹ́ ju ọjọ́ tí a rà á lọ.”

Mẹkáníìkì wo àpótí irin tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ó yára gbójú kúrò.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ irin róbótó kan wà nínú ọrùn yẹn. Wọ́n tò yí ká lókè, wọ́n tò yí ká nísàlẹ̀. Àwọn ni ọrùn fi ń yí. Nígbà tí ẹ dá wọn padà, ṣé kò ṣẹ́kù?”

“Kò ṣẹ́kù.”

“Ẹyọ kan?”

“Gbogbo èyí tó yẹ kó wọlé ló wọlé. Ìyókù, àlékún ni.”

“Mélòó ni àlékún náà?”

“Méje.”

“Méje!”

“Gírísì ti gba àyè wọn! Àwọn tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí máa ń fi kún un ni. Ní ọ́fíìsì wa, bí a bá nílò ìwé mẹ́wàá, méjìlá là ń béèrè.”

“Wọn ò ṣe alùpùpù yìí ní ọ́fíìsì yín, sà. Nọ́ọ̀tì orí ẹ̀ ńkọ́? Kí lẹ fi dè é?”

“Ọwọ́ lásán. Ohun tó bá ti jẹ́ ọrùn, a kì í fún un pa.”

Mẹkáníìkì jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, alùpùpù tí orí ẹ̀ ò dúró lọ́rùn lẹ gbé màmá sí.”

Akọ̀wé pa ìwé rẹ̀ dé.

“Ó lè yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́?”

“Láàárín títì.”

“Ó lè ṣubú?”

“Ẹ̀yin méjèèjì.”

“Mi ò béèrè tèmi. Òun ni mo ń béèrè.”

“Àwọn náà, sà. Níbo lẹ kó àwọn méje náà sí?”

“Inú agolo bọ́tìnnì rẹ̀. Mo ní kò ní mọ̀.”

“Ọdún mélòó ni màmá ti ń ránṣọ?”

“Ó ti lé lógójì.”

“Ẹ sì rò pé wọn ò ní dá bọ́tìnnì tí kò níhò mọ̀?”

Akọ̀wé wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́ta lù. “Bí mo bá lọ béèrè agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti tẹ́ nìyẹn. Bí mi ò bá sì lọ, mo ti pàdánù rẹ̀ fún onímọ́tò.”

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí àpótí irin abẹ́ tábìlì, ó sì gbé agolo mílíìkì méjì jáde. Ó da èkíní sórí àkísà: ọmọ irin méje, a ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ń kọ mànà.

“Màmá ti mú wọn wá láàárọ̀.”

“Ó mọ̀?”

“Wọ́n ní ẹ máa tì í wá lónìí. Wọ́n ní àwọn lẹ máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi, lẹ́yìn náà ẹ máa dé orí táyà. Wọ́n ní kí n má sáré, kí n jẹ́ kí ẹ fẹnu ara yín rìn dé ọrùn.”

“Ó wá ní òun á gùn ún?”

“Wọ́n ní àwọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́rin. Bí ẹ bá dé tí ẹ ò dún, àwọn náà ò ní dún.”

Mẹkáníìkì tú ọrùn náà, ó to àwọn ọmọ irin yí ká, ó fi sípánà de nọ́ọ̀tì. Akọ̀wé di iná mú fún un. Kò dá sí i, àfi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, wọ́n gbé alùpùpù sọ̀ kalẹ̀, Akọ̀wé fúnra rẹ̀ fún bíréèkì, ó sì tì í síwá-sẹ́yìn. Ó tẹ́tí. Ó tún tì í.

Kò fèsì.

Ó gùn ún, inú rẹ̀ dùn, ó sì na ọwọ́ sí agolo kejì tó wà lórí tábìlì. Ó mì í; ohun kan dún wọ̀ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

“Èyí ńkọ́? Ṣé kò ní jẹ́ pé ìwọ náà ní àlékún?”

Mẹkáníìkì rọra gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá a padà sínú àpótí.

“Ti fáànù nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Màmá ní kí n má tíì fún yín. Wọ́n ní kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.”